Kùrukùru Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọwọ́ Mọ́ṣúdù àbúrò mi ló wúwo, pé òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ máṣíìnì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ẹ ní Bùsírátù tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló ní kí ẹ wí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ta ló fẹ́ wá sọ fún mi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí?

Inú iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n bí wa sí. Àwọn obìnrin ilé wa ló ń di àdìrẹ, àwọn náà ló ń rẹ ẹ́ sínú aró, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló ń lù ú. Tí aṣọ bá ti inú aró jáde tó sì gbẹ, ṣe ló máa ń le gbagidi. Wọ́n á ká a lé orí ìtì igi kan tó wà níwájú ilé bàbá wa, ọkùnrin méjì á jókòó kọjú síra wọn, wọ́n á máa fi òòlù onígi lù ú, bí èyí ṣe ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀ ni tọ̀hún ń gbé tirẹ̀ sókè, títí aṣọ náà á fi rọ̀, tí á sì máa dán yinrin. Obìnrin kì í fọwọ́ kan òòlù yẹn nílé wa. Nínú gbogbo ọkùnrin tó jókòó sídìí ìtì náà, mi ò rí ẹni tó mọ aṣọ lù bíi Mọ́ṣúdù. Kì í fi ojú wò ó. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ojú ẹ̀, á gbé aṣọ náà, á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, á wá ní, "Ó ti dán." Bàbá wa ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá máa ń sọ pé oòrùn lè tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n kò lè tan ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ.

Àfi bí àdìrẹ tí wọ́n fi máṣíìnì tẹ̀ lókè òkun ṣe dé. Àwòrán tiwa náà ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, kò tiẹ̀ yí padà, àwọn olè. Inú báélì ló ti ń dán bọ̀. Ta ló tún máa wá ní kí wọ́n bá òun lu aṣọ? Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọkùnrin dìde kúrò nídìí ìtì, ó wá ku Mọ́ṣúdù nìkan, tó ń fi òòlù lélẹ̀, tó ń tún un gbé. Ó gun ọ̀kadà fúngbà díẹ̀ ní ọ̀nà Ewékorò, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, títí ọ̀kan fi gbá a sínú gọ́tà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ràhámátù ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní òun ò fẹ́ di opó, kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kan ló sáré wá bá mi ní ìsọ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà iléyá fún. Ó ní òun ń ti Òṣíẹ̀lẹ̀ bọ̀ ni òun rí géńdé kan létí títì, tó ń yí máṣíìnì kan lára mọ́tò tó họ, tí gbogbo ojú ibi tó họ náà ń pòórá. Mo ní kí ló wá kàn mí.

Ó ní, "Àǹtí mi, iṣẹ́ wa náà ni. Ká mú nǹkan dán ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún ṣe lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ géńdé náà, Adégbóyèga, ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ àbúrò mi. Èkó ni ọmọ náà ti kọ́ tirẹ̀ wá. Ọ̀gá ni Mọ́ṣúdù ń pè é, kò sì tijú. Ọ̀gá ni kò mọ ohun tó máa pe ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Kò lè la ẹnu pe ẹni tó tó bàbá rẹ̀ ní Mọ́ṣúdù, ló bá ń pè é ní Alàájì, bẹ́ẹ̀ Mọ́ṣúdù ò dé Mẹ́kà rí, kò tiẹ̀ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ wá gbọ́ nígbà tí ọ̀gá bá ń rán an níṣẹ́: "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi da omi ìdọ̀tí yẹn nù." Àwọn ará ìsọ̀ wa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ó máa ń wá ròyìn iṣẹ́ náà fún mi nírọ̀lẹ́, bóyá mo fẹ́ gbọ́, bóyá mi ò fẹ́. Ó ní ẹ kọ́kọ́ fọ mọ́tò náà dáadáa, pàápàá èyí tó bá ti Ewékorò bọ̀, torí bí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé àkísà gbígbẹ, eruku sìmẹ́ńtì yẹn á tún họ ọ́ kún ti tẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná wọ́ ojú ibi tó họ. Tí èékánná bá há síbẹ̀, ó ti jìn jù, ẹ gbé e fún péńtà tó ń kun mọ́tò. Ṣùgbọ́n tí èékánná bá yọ̀ kọjá, á jẹ́ pé inú kílíà ló wà, ìyẹn ohun tó mọ́ gaara bí omi tí wọ́n ń fín bo ọ̀dà. Ìyẹn ni máṣíìnì lè ṣe. Ẹ máa fi ìpara díẹ̀ sára fóòmù tó wà lẹ́nu máṣíìnì, ẹ gbé e lé ara mọ́tò kí ẹ tó tan án, ẹ wá máa rọra rìn ín lọ, ẹ rìn ín bọ̀, bí ẹní ń lọ aṣọ. Ó ní máṣíìnì kì í kun ọ̀dà o, ṣe ló ń fá kílíà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba. Bí a bá fá a jù, ó tán nìyẹn.

Títẹ̀ ni ogun tó kọ́kọ́ bá a jà. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lu aṣọ, kó tó gbà pé nǹkan lè dán láìjẹ́ pé a fi agbára sí i! Bó bá ti gbé máṣíìnì, á fi èjìká tì í mọ́lẹ̀, ọ̀dà á gbóná, ọ̀gá á sáré wá pa máṣíìnì. Adégbóyèga sọ fún un pé kó dì í mú bí ẹní di ìkókó mú nínú ọpọ́n ìwẹ̀, kó má bọ́, kó má sì rún un. Ìyẹn yé e. Bí a ó bá sọ òótọ́, kó tó di Iléyá ó ti gbàgbé títẹ̀. Èmi fúnra mi lọ wò ó níbi iṣẹ́. Mo bá a lẹ́nu ìlẹ̀kùn mọ́tò pupa kan tí ọ̀kadà ti fi ẹsẹ̀ họ. Ó ń rìn ín lọ, ó ń rìn ín bọ̀, ó ń pa á, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó ti gbóná, ó ń dúró kó tutù. Nígbà tó fi àkísà nù ún, mo rí ojú ara mi nínú ìlẹ̀kùn náà, pẹ̀lú ilà ojú mi àti gbogbo ẹ̀. Ṣé ọwọ́ tó wúwo ló ṣe ìyẹn?

Ọ̀gá ní tí òjò bá ti lọ, òun á ṣe fúrídọ̀mù fún un, kó lè máa dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Gbogbo wa ló ń dúró de ọjọ́ yẹn. Mo jẹ́ kí wọ́n yí ìtì igi bàbá wa lọ sẹ́yìn ilé, ká lè rí àyè tí mọ́tò máa dúró sí níwájú, ibẹ̀ la fẹ́ fi ṣe ìsọ̀ rẹ̀. Ràhámátù ti ń sọ fún Ameenah ọmọ wọn pé á padà sí ilé ìwé tí bàbá bá gba fúrídọ̀mù. Kò sí ọ̀nà míì lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó ti kúrò nídìí ìtì, tó ti kúrò lórí ọ̀kadà, ibo ló tún kù tó fẹ́ lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oògùn ojú. Láti ìgbà ọ̀kadà ni eruku ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ojú ń yún un, tí ó ń pọ́n. Kémíìsì kan ló ta ìgò kékeré kan fún un. Bó bá ti kán an sójú báyìí, ojú á tutù pẹ̀sẹ̀, pípọ́n á lọ. Ó wá sọ ọ́ di nǹkan àràárọ̀, bí ẹní ń ṣe àlùwàlá. Tí ó bá tán, á ra òmíràn. Inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ló ń gbé. Ọdún ń gorí ọdún. Ní àsìkò yẹn náà ló ń sọ fún mi pé bí iná àwọn tírélà bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òun máa ń rí òṣùmàrè tó yí i ká, ó sì máa ń dára lójú òun. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.

Mọ́tò tó máa fi gba fúrídọ̀mù dé, mọ́tò dúdú. Arábìnrin kan tó ń jẹ́ Olúkẹ́mi ló ni ín. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń wọ̀ lọ ní ìdájí, á fi mọ́tò sílẹ̀ nílé. Ewúrẹ́ àwọn ará ilé kejì ló wá sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di orí àpáta. Wọ́n ń gùn ún, wọ́n ń jà lórí rẹ̀, pátákò wọn ti họ ọ́ jákèjádò. Adégbóyèga ní, "Alàájì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ṣe èyí. Tí mo bá dé, eyín mi ni mo fẹ́ rí nínú ẹ̀." Ó gba Ìbarà lọ.

Mọ́ṣúdù ṣe ìlẹ̀kùn, ó ṣe òrùlé, ó ṣe bọ́ọ̀tù. Gbogbo wọn dára, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló fi ṣe ìkẹyìn. Nígbà tó máa nù ún, ó rí kùrukùru fẹ́lẹ́ kan lórí ẹ̀. Ẹ̀rù ò bà á, nítorí ìpara àkọ́kọ́ máa ń fi kùrukùru sílẹ̀ lórí mọ́tò dúdú, ọ̀gá sì ti kọ́ ọ pé bí kùrukùru bá kù, kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Kùrukùru ò lọ. Ó pààrọ̀ fóòmù, ó fi omi fọ ibẹ̀, ó nù ún, ó tún un ṣe. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kò tẹ̀ ẹ́ o! Ó búra fún mi lórúkọ Ọlọ́run pé òun ò tẹ̀ ẹ́, pé bí ìkókó lòun ṣe dì í mú, pé bó bá ti gbóná òun á dúró. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ti wù kó fúyẹ́ tó, bí a bá ń fá nǹkan tó fẹ́lẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó máa tán. Kílíà tán. Ọ̀dà dúdú náà tán. Nǹkan funfun ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọjú, bàbá Ameenah wá rò pé ibẹ̀ gan-an ni kùrukùru náà ti ki jù, ló bá dojú máṣíìnì kọ ibẹ̀.

Bí Adégbóyèga ṣe dé, jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ pa. Ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì náà.

"Alàájì, kí lẹ ṣe yìí?"

Mọ́ṣúdù ní, "Kùrukùru ni mò ń nù kúrò, ọ̀gá. Ó kọ̀, kò lọ."

Ọmọ náà pariwo lé e lórí lójú gbogbo àwọn tó ń ta epo ọkọ̀ létí títì. Ó ní òun ti mọ̀, òun ti mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ń fi igi lu aṣọ ò lè fúyẹ́ láéláé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ọwọ́ wúwo ti jáde, tí àwọn elétí ọfẹ́ fi gbé e dé Ìtòkú. Olúkẹ́mi wá, kò tilẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fọwọ́ pa ibi tó funfun náà, ó ní kí ọkùnrin yìí má fọwọ́ kan mọ́tò òun mọ́. Ọ̀gá sọ fún Mọ́ṣúdù pé kó máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ fúrídọ̀mù ti parí.

Ìbínú ò jẹ́ kí n jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo so gèlè mi le, mo fa àbúrò mi lọ́wọ́, a gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìjà ni mo bá lọ, mi ò purọ́. Mo bi ọmọ náà pé ṣé ó rí i tó ń tẹ̀ ẹ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ jẹ àgbà níyà. Ó ní kí n má bínú, màmá, pé kò sí kùrukùru kankan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí òun dé. Mọ́ṣúdù ní ó wà. Wọ́n ń fà á báyìí, mo wá nawọ́ sí mọ́tò funfun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí ara rẹ̀ ṣì ń jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ titun. Mo ní, "Mọ́ṣúdù, fi bí ó ṣe rí hàn wá. Ṣé ó wà lórí èyí?"

Ó súnmọ́ ọn. Ó ní, "Ó wà lórí èyí náà."

Adégbóyèga wò mí. Kò sí nǹkan kan lórí mọ́tò náà. Mọ́ṣúdù yíjú kúrò níbẹ̀, ó wo ògiri, ó wo ojú títì, ó wá wo èmi. Ó tẹjú mọ́ mi pẹ́.

Ó ní, "Àǹtí mi, ó wà lójú tiyín náà."

Mo tú gèlè tí mo so le. Adégbóyèga ló kọ́kọ́ gbéra, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù ojú. Lójú ọ̀nà ó ní kí Mọ́ṣúdù fọwọ́ bo ojú òsì, kó sọ ìka mélòó ni òun nà sókè. Mọ́ṣúdù bi í pé ìka wo.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó bi í léèrè bóyá ó ń lo oògùn kankan. Àbúrò mi yọ ìgò kékeré náà láti inú àpò, ó nà án sí i, ó ń yìn ín, ó ní òun ló ń mú ojú òun tutù láti ọjọ́ yìí. Dókítà ka ara ìgò náà, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó ní oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n oògùn ọjọ́ díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ń kán an fún ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè sọ agbára omi inú ojú di líle, omi náà á sì máa fún iṣan tó wà lẹ́yìn ojú títí iṣan á fi kú. Gíláúkómà ni wọ́n ń pè é. Ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì ò pọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ṣé wọn ò lè fá kùrukùru náà kúrò ni. Ó ní ká ní iwájú ẹyinjú ló wà, wọn ì bá fá a. Ẹ̀yìn ni èyí wà, ohun tó sì ti lọ kì í padà. Oògùn tí òun máa kọ, kó lè di ìyókù mú ni.

Mo lọ bá oníkémíìsì. Ohun tí mo sọ fún un, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ó ní gbogbo ayé ló ń rà á, òun ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣe omi ìbọ́jú. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Oògùn dókítà ò rí ohun púpọ̀ dì mú. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ojúmọ́ àti alẹ́ nìkan ni Mọ́ṣúdù lè fi mọ ìyàtọ̀. Àwọn èèyàn ń wá kí wa, wọ́n ń sọ pé ojú kì í pọ́n iṣin kó má là. Mo ní iṣin lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ojú èèyàn. Adégbóyèga náà wá, ó jókòó lórí pèpéle, ó ń sunkún, Mọ́ṣúdù ló ń pàrọwà fún un. Ameenah ń bá ìyá rẹ̀ ta omi tútù ní Lafẹ́ńwá. Mọ́ṣúdù ò ráhùn sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa mọ́. Ṣe ló máa ń jókòó tí á gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, tí á máa na àwọn ìka rẹ̀, tí á tún máa ká wọn. Ràhámátù wá bá mi, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé tí ọkùnrin yìí ò bá rí nǹkan fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, á kú mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Mo ní kí wọ́n yí ìtì igi padà wá sí iwájú ilé. Mo gbé àdìrẹ kan lọ fún un, mo ní oníbàárà kan ní Ọ̀fàdà ló fẹ́ aṣọ tí wọ́n lù, bíi ti ayé àtijọ́. Ẹ ò bá rí i! Ó wá òòlù rẹ̀ kàn, ó jókòó, ó lù ú dọ́sàn-án. Ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ó ti dán." Òtítọ́ ni, ó dán yinrin. Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Mo gbé aṣọ náà lọ sílé mi, mo fún un lówó, mo ní oníbàárà ló san án. Kò sí oníbàárà kankan. Mo rẹ aṣọ náà sínú omi, mo fi ẹ̀kọ láfún mú un le, mo sá a, ó tún gan gbagidi, mo tún gbé e padà fún un, mo ní òmíràn ti dé. Bí a ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n ti kírun tán, mo gbé aṣọ náà dé. Kàkà kó ká a lé orí ìtì, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ná.

Ó ní, "Àǹtí mi, aṣọ yìí, mo ti lù ú rí."

Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ká aṣọ náà lé orí ìtì, ó fọwọ́ tálẹ̀ títí ó fi kan òòlù kejì, ó nà án sí mi. Ó ní kí n jókòó ká jọ lù ú, pé iṣẹ́ ẹni méjì ni. Obìnrin kì í fọwọ́ kàn án nílé wa. Mo gbà á, mo jókòó kọjú sí i, mò ń sọ tèmi kalẹ̀ bó bá ti gbé tirẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wá, ó gbé aṣọ náà. Kò gbé e lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ló nà án sí.

"Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó dán?"

Mo tú u. Aṣọ náà ti gbó, ó ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà láti inú lílù, ìka mi sì wọ inú ihò kan láàárín rẹ̀. Mo ní ó dán.